Jẹjẹrẹ ìfun ti lọ, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Tẹ́ ẹ bá pè mí síbi ìnáwó báyìí, kí n tó bèèrè iye tí aṣọ ẹbí jẹ́, nǹkan tí mo máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí gbọ̀ngàn yẹn, ṣé omi wà níbẹ̀, ṣé kì í ṣe pé wọ́n á tì í pa tí kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lọ jẹun. Tí ìdáhùn yẹn ò bá tẹ́ mi lọ́rùn mo máa fi owó ránṣẹ́, mo máa fi àdúrà tì í lẹ́yìn, àmọ́ mi ò ní lọ. Àwọn ẹbí kan ti ń sọ ọ́ pé látìgbà tí mo ti ṣàìsàn ni mo ti ń ya ara mi sọ́tọ̀, pé mi ò fẹ́ rí èèyàn mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ gan-an, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá tó máa yé gbogbo wa, torí mo ti rí i pé àwa tá a la jẹjẹrẹ inú já ò kéré nílùú Ìbàdàn yìí, ìtìjú ni ò jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀, ìtìjú yẹn náà ló sì ń jẹ́ kí ìyà tó ní oògùn máa jẹ wá lásán.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka nǹkan tí mò ń kọ: ọdún 2021 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá mi, apá tó kẹ́yìn pátápátá kó tó kan ihò ìdí, àwọn dókítà ń pè é ní rectum. Wọ́n kọ́kọ́ gbé mi sábẹ́ ẹ̀rọ onítànṣán, mò ń lo oògùn oníhóró pẹ̀lú ẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gé apá yẹn kúrò, wọ́n fa èyí tó kù lókè wá sísàlẹ̀ wọ́n rán an pọ̀, wọ́n sì fi ìfun kékeré ya ojú sí mi níkùn kí ibi tí wọ́n rán lè ráyè jinná. Mo gbé báàgì tí ìgbẹ́ ń dà sí sára, mo gba chemo, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, wọ́n wá dá ìfun padà sáyè ẹ̀. Ìtàn ìwòsàn nìyẹn, ohun tó tẹ̀ lé e ni mo bá wá.

Báàgì yẹn la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ojú tí wọ́n ṣí sí mi níkùn lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ìdodo, ẹran pupa tútù kan ni, ó ń dán, ó sì máa ń mì díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀ bí oúnjẹ ṣe ń kọjá. Téèyàn bá fọwọ́ kàn án kì í dunni, kò ní ohun tó ń mọ ìrora lára. Awọ tó yí i ká ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Omi tó ń jáde látinú ìfun kékeré ní oje tó ń da oúnjẹ nínú, tó bá ti rin awọ fún ìgbà díẹ̀ á bó o, á pọ́n, á máa ta èèyàn yòò. Nọ́ọ̀sì kan tí mi ò ní yé ṣàdúrà fún ló kọ́ mi pé kí n máa wọn ojú ihò yẹn kí n tó gé báàgì, kí n fi síísọ̀ gé e kó bá a mu gẹ́lẹ́, kó má fẹ̀ jù, torí ibi tó bá fẹ̀ jù yẹn ni omi á ti máa jẹ awọ. Ó ní ìdájí ni kí n máa pààrọ̀ ẹ̀, kí n tó fi nǹkankan sẹ́nu, pé ìgbà yẹn ni ìfun máa ń dákẹ́. Ló bá di pé ní ìdájí, èmi á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, Bàbá Dámi á di tọ́ọ̀ṣì mú torí iná ò sí, á fi ọwọ́ kejì di tíṣù mú, kò ní sọ nǹkankan, tí omi bá ṣàdédé tú jáde kí n tó lẹ báàgì mọ́ ara á kàn fi tíṣù gbà á, á ká a, á mú òmíràn. Tó bá ti kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta ló yẹ kéèyàn ti dà á nù, torí tó bá wúwo jù á máa fà á kúrò lára. Nǹkan míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé irú ojú tó wà níbi ìfun kékeré yìí ń da omi àti iyọ̀ inú ara nù, nínú oòrùn Ìbàdàn yìí ẹsẹ̀ á máa há èèyàn, ojú á máa ṣú, omi lásán ò sì tó, omi ORS tí wọ́n ń fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu, òun ni kẹ́ ẹ máa mu.

Àti owó ẹ̀ o! Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó báàgì yìí wá, bí dọ́là bá gòkè òun náà á gòkè, nígbà míì owó á wà lọ́wọ́, ọjà ò ní sí. Mo fojú ara mi rí ìyá àgbàlagbà kan níbi tá a ti ń dúró de dókítà, ọ̀rá lásán ni wọ́n so mọ́ ikùn fún ìyá yẹn, wọ́n fi aṣọ dì í, ó wá ró ìró méjì lé e lórí, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo lọ jókòó tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ kí àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, dípò mílíìkì àti ṣúgà tẹ́ ẹ máa ń gbé lọ, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé irú báàgì wo ni wọ́n ń lò, ìwọ̀n ẹ̀ ńkọ́, kẹ́ ẹ ra páálí kan fún wọn.

Nígbà tí wọ́n wá ní ó ti tó àkókò láti dá ìfun padà, mo jó. Mo ti ń ka oúnjẹ tí mo máa jẹ, aṣọ tí mo máa wọ̀. Mo rò pé ní kété tí báàgì bá kúrò mo ti padà sí bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, gbogbo ẹni tó yí mi ká náà sì rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ tí rectum ń ṣe nínú ara, ẹ rò ó bíi gáréèjì Ìwó Road. Mọ́tò á wọlé, á dúró, á máa gbé èrò, ó di ìgbà tó bá kún tí awakọ̀ sì ti ṣetán kó tó gbéra. Wọ́n ti wó gáréèjì yẹn nínú tèmi. Mọ́tò tó bá dé báyìí ò dúró mọ́, ì báà ṣe èrò méjì péré ló wà níbẹ̀, títì ló ń gbà lọ tààrà. Mo máa lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo máa fọ ìdí, mo máa wọ aṣọ, mi ò ní tíì dé pálọ̀ tí mo máa tún padà, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa ṣe é títí wákàtí méjì á fi lọ, èyí tó ń jáde ò sì ju díẹ̀ díẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ míì á dákẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, inú á máa dùn mí pé ó ti tán, lóru á wá gbẹ̀san. Tó bá sì dé, kì í fúnni láyè, kì í ṣe ohun tí ẹ máa sọ pé ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ yìí ná. Èyí tó le jù fún mi ni pé mi ò lè dá afẹ́fẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ìgbẹ́ mọ́, nǹkan tí ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Oṣù bíi mélòó kan ni mo fi rò pé èmi nìkan ló ń ṣe. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, á wo ríṣọ́ọ̀tì scan, á wo ríṣọ́ọ̀tì ẹ̀jẹ̀, á ní "Mummy, everything is fine, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," á kọ déètì ìgbà tí mo tún máa wá, èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, mo máa dìde. Kò bi mí pé ṣé mò ń sùn. Kò bi mí pé ṣé mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò bá a jà, ẹ bá mi wo iye èèyàn tó ń rí lójúmọ́ kan. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ ló tẹ̀ lé mi jáde lọ́jọ́ kan, ó ní "Mà, ẹ má bínú, ṣé ẹ máa ń sáré lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni?" Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ó hàn, torí pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí ní gbogbo ìgbà.

Òun ló sọ fún mi pé nǹkan yìí lórúkọ, LARS ni wọ́n ń pè é, ìyẹn low anterior resection syndrome, wàhálà ìgbẹ́ tó máa ń tẹ̀ lé gígé rectum, pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ tèmi fún ló máa ń ní in, àwọn tí wọ́n ti gba ìtànṣán sí ìsàlẹ̀ ikùn ló sì máa ń le jù fún. Ó ní àwọn dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Denmark ṣe ìbéèrè márùn-ún kan jáde ní 2012 tí wọ́n fi ń wọn bó ṣe le tó: ṣé afẹ́fẹ́ máa ń yọ́ jáde láìjẹ́ pé o fẹ́, ṣé ìgbẹ́ olómi máa ń yọ́ jáde, ẹ̀ẹ̀melòó lò ń lọ lójúmọ́, ṣé o máa ń tún padà lọ kí wákàtí kan tó pé, ṣé ó máa ń le débi pé o gbọ́dọ̀ sáré. Wọ́n á ṣírò máàkì ẹ̀, 42 ni gbogbo ẹ̀, tó bá ti tó 30 sókè, ó le nìyẹn. Níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì la dúró sí tá a ti dáhùn ìbéèrè náà, mo bọ́ sáàárín àwọn tó le. Mo sunkún níbẹ̀, inú mi dùn. Àṣé nǹkan tó ń ṣe mí lóhun tí wọ́n mọ̀.

Àwọn nǹkan tó ràn mí lọ́wọ́ rèé, kì í ṣe èmi ni dókítà yín o, ẹ lọ bá dókítà yín sọ ọ́ kí wọ́n wo tiyín. Loperamide, èyí táwọn èèyàn mọ̀ sí Imodium, díẹ̀ ṣáájú oúnjẹ, kì í ṣe ìgbà tí inú bá ti ń ru. Psyllium, ìyẹ̀fun kan tó máa ń fa omi mọ́ra tí á jẹ́ kí ìgbẹ́ dì pọ̀. Ẹni tó ń ṣe physio tún kọ́ mi bí mo ṣe máa máa fún ihò ìdí mọ́ra, kí n dì í mú, kí n tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mò ń ṣe é, kódà mo máa ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tún ní àwọn tí gbogbo èyí ò bá ràn lọ́wọ́, wọ́n lè kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ inú ìfun láti ìdí ní àárọ̀ kí wọ́n lè ráyè jáde. Èmi fúnra mi pa tíṣù tì, mo ra búta, omi ni mo fi ń fọ̀, mo máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ, mo wá fi ìpara zinc tí wọ́n fi ń pa ìdí ọmọ ìkókó sí i. Ẹ̀yin tí ìdí yín ti bó rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Oúnjẹ wá di ohun tí mò ń fi ọgbọ́n jẹ. Ẹ̀wà, èmi tí mo fẹ́ràn ẹ̀wà aganyin ju ẹran lọ, ṣíbí méjì péré ni mo lè jẹ báyìí, tó bá sì jẹ́ ọjọ́ tí mi ò ní jáde ni. Ata rodo á ta mí nígbà tó bá ń wọlé, á sì tún ta mí nígbà tó bá ń jáde. Ìrẹsì, ẹ̀kọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, ìwọ̀nyí máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ dì. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bó èèpo ẹ̀wà ẹ̀ dáadáa bá mi lára mu, àkàrà ò bá mi lára mu, mo rò pé òróró ni. Àmàlà ń lọ pẹ̀lú ewédú tí ò ní ata púpọ̀, gbẹ̀gìrì ni mi ò gbójú lé. Èyí tó yá mi lára jù ni kí n máa jẹun ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, díẹ̀ díẹ̀, kí n má sì jẹun alẹ́ tó bá ti lu aago méje. Tiyín lè yàtọ̀, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé, ohun tẹ́ ẹ jẹ àti ohun tó ṣe fún yín, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa rí i.

Àwọn tí jẹjẹrẹ tiwọn wà ní àpò ikùn, tí wọ́n gé gbogbo àpò náà kúrò, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n á máa jẹ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, tí wọ́n bá jẹ nǹkan dídùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sáré wọ ìfun, òógùn á bò wọ́n, àyà á máa já, òòyì á kọ́ wọn. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ vitamin B12 títí ayé wọn, torí àpò ikùn ló ń pèsè ohun tó ń jẹ́ kí ara lè gbà á látinú oúnjẹ. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó bá yẹ kó gbọ́, mo ti rí ẹni tó pa abẹ́rẹ́ yẹn tì torí wọ́n sọ fún un pé ó ti yá.

Tísà ni mí, Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, pírínsípà wa gbé àwọn kíláàsì mi wá sí ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tísà, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tèmi. Mi ò sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mo kàn ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi ò jẹ́ kí n lè dúró pẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo yẹn ló gba iṣẹ́ mi là. Mo máa ń gbé pádì àwọn àgbàlagbà àti ṣòkòtò abẹ́ méjì sínú báàgì ní gbogbo ìgbà. Tí mo bá ń lọ sí Èkó, mi ò ní jẹun títí mo fi máa dé, torí tí gosíló bá mú wa ní ọ̀nà márosẹ̀ yẹn kò sí ibi téèyàn máa sọ fún awakọ̀ pé kó dúró sí téèyàn ti lè fara pamọ́.

Chemo náà fi ti ẹ̀ sílẹ̀. Oxaliplatin ni wọ́n gún sí mi lára, capecitabine sì ni oògùn oníhóró tí mò ń lò pẹ̀lú ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ yẹn ń bá òtútù jà, nígbà tí mò ń gbà á lọ́wọ́, tí mo bá kàn fọwọ́ kan ìgò inú firíìjì ńṣe ló máa ń gbé mi bí iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì, omi tútù ò ṣeé gbé mì, ọ̀fun á há. Wọ́n ní tí mo bá ti parí ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ló tún le sí i, mo wá kà á pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, orí ìka mi kú díẹ̀, mi ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, Dámi ló ń bá mi de bọ́tìnnì ẹ̀yìn búláòsì. Bàtà máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi tí mi ò ní mọ̀ títí ẹnì kan á fi pè mí. Tí ọyẹ́ bá dé, ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ń sùn. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ duloxetine tí dókítà lè kọ fún ẹni tí tiẹ̀ bá ń dùn ún, tèmi kú ni, kò dùn mí, mi ò lò ó. Ẹ máa wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín lálaalẹ́, ẹ lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti báńkì. Capecitabine máa ń jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ pọ́n kó sì bó, tó bá bó tó bẹ́ẹ̀, ilà ìka á parẹ́. Mo lọ ṣàtúnṣe nǹkan kan lórí BVN mi, ẹ̀rọ ò rí ìka mi, wọ́n ní kí n fọwọ́ nu aṣọ, kí n tún fi ìka míì síbẹ̀, ọmọdébìnrin tó wà níbẹ̀ wá ń wò mí bíi pé mo jí BVN yẹn ni. Ọkùnrin ará Singapore kan, wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà ní December 2008 torí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, oògùn yìí lòun náà ń lò, àwọn dókítà ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn yìí, ẹ ní kí dókítà yín kọ lẹ́tà fún yín kẹ́ ẹ máa mú un dání. Nígbà tí mo ṣíwọ́ oògùn, ilà ìka mi padà wá.

Àárẹ̀ ńkọ́? Àárẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí oorun ń wò. Èèyàn á sùn, á jí, á tún rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé ló ń sọ pé "ẹ lọ sinmi, ẹ má ṣe wàhálà", èmi náà sì ń sinmi títí ara fi fẹ́ gan. Rírìn ló gbà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ látẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀dọ̀ ìyá alátẹ ní ìkángun àdúgbò, báyìí mo máa ń yí pápá ìṣeré síkúùlù wa po nírọ̀lẹ́. Ní June 2025 ni ríṣọ́ọ̀tì ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ń pè ní CHALLENGE, èèyàn 889 ni wọ́n lò, Kánádà àti Ọsirélíà ni èyí tó pọ̀ jù ti wá, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni gbogbo wọn ti ní tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì ti gba chemo tán. Wọ́n fún apá kan ní ẹni tó ń darí eré ìdárayá wọn fún ọdún mẹ́ta, wọ́n fún apá kejì ní ìwé ìmọ̀ràn lásán. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ni jẹjẹrẹ ò padà sí lára, tí wọ́n sì wà láàyè, àwọn tó gba ìwé jẹ́ 74. Tó bá di ọdún kẹjọ, 90 ló ṣì wà láàyè nínú àwọn tàkọ́kọ́, 83 nínú àwọn kejì. Lóòótọ́ colon, ìyẹn apá ìfun ńlá tó wà lókè rectum, ni tiwọn, rectum ni tèmi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á, bàtà rọ́bà mi ni mo wá lọ. Ìrìn kíákíá ni ọ̀pọ̀ wọn ń rìn, kì í ṣe jíìmù olówó ńlá. Ẹ yé ní kí ẹni tó la jẹjẹrẹ já máa jókòó.

Ó ku ọ̀rọ̀ yàrá, mo sì máa sọ ọ́ torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ìtànṣán tí wọ́n gbà sí ìsàlẹ̀ ikùn dá nǹkan oṣù mi dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ooru ń mú mi, ojú ara gbẹ ó sì fún. Ó pẹ́ ká tó lè súnmọ́ra, èmi ń bẹ̀rù ìrora, Bàbá Dámi ń bẹ̀rù pé òun máa ṣe mí léṣe, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wa, kálukú á kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ẹ gbọ́, ìpara àti òróró wà fún un, ohun èlò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní dilator tí nọ́ọ̀sì máa kọ́ obìnrin bó ṣe máa lò ó díẹ̀díẹ̀ kí ojú ara má baà lẹ̀ pọ̀, ó sàn kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà, iṣan tó ń jẹ́ kí nǹkan dìde kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rectum gan-an, iṣẹ́ abẹ lè kàn án, oògùn wà fún tiwọn náà. Tí dókítà ò bá bi yín, ẹ bi dókítà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn wọlé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Ní ọdún méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra ni wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ wa láti wo CEA, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè pọ̀ sí i tí jẹjẹrẹ bá ń padà bọ̀, ó di ọdún karùn-ún kí wọ́n tó tú wa sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ríṣọ́ọ̀tì bá ń bọ̀, mi ò kì í gbádùn, ikùn tó bá kùn báyìí mo ti rò pé ó ti padà dé. Nínú ìgbà yẹn gan-an ni pásítọ̀ wa ní kí n wá jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ó ti parí. Mo jẹ́rìí, tọkàntọkàn ni mo sì fi jẹ́ ẹ, Ọlọ́run ṣe é fún mi. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ pé kí n má lọ ọsibítù mọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí n jókòó sí ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n gbà. Ẹni tó bá la àìsàn yìí já lẹ́tọ̀ọ́ láti dúpẹ́ kó tún bẹ̀rù lọ́jọ́ kan náà, ẹ má fi dá a lẹ́bi pé kò nígbàgbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọsibítù wa ṣe ò wọ́n lówó. Àwọn ará Yúróòpù ní ìwé ìbéèrè kan tó ń jẹ́ QLQ-C30, ọgbọ̀n ìbéèrè ló wà nínú ẹ̀: ṣé o ń sùn, ṣé ó ń rẹ̀ ọ́, ṣé inú rẹ bàjẹ́, ṣé àìsàn yìí ti dí ẹbí rẹ lọ́wọ́, ṣé ó ti kó ọ sí wàhálà owó. Ẹnì kan lè fi Yorùbá bi wá níbi tá a ti ń dúró, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó di pé a wọlé bá dókítà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò bá tí fi gbogbo oṣù yẹn jókòó sílé.

Nísinsìnyí mo ti gbájú mọ́ àwọn àbúrò mi, kí wọ́n lè tètè lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ ARGO tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú ọsibítù Memorial Sloan Kettering ti New York, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Isaac Alatise sì wà lára àwọn tó ń darí ẹ̀, ti ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lọ́dọ̀ wa tipẹ́, ohun tí wọ́n sì ń rí ni pé àwa máa ń kéré lọ́jọ́ orí ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ tó bá mú wa, a sì máa ń pẹ́ ká tó wá. Ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á máa mu àgbo. Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ti sọ ọjọ́ orí àyẹ̀wò kalẹ̀ sí 45 láti 2021. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n tàbí òbí ẹ̀ bá ti ní in, ọdún 40 ni, tàbí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí ti ẹni yẹn, èyí tó bá yá jù nínú méjèèjì. Ọmọ ọdún 46 ni mí nígbà tí wọ́n rí tèmi, ìyẹn ni pé ọdún 36 ló yẹ kí àwọn àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì ti kọjá ẹ̀.

Èyí obìnrin ti lọ ṣe colonoscopy tiẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń fi rọ́bà tó ní kámẹ́rà wo inú ìfun láti ìdí, wọ́n rí kókó kékeré méjì nínú ìfun ẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ níbẹ̀ náà kó tó di nǹkan míì. Èyí ọkùnrin ló ń bá mi ṣe agídí, ó ní kò sẹ́ni tó máa ki rọ́bà bọ òun nídìí. Mo ti san owó ẹ̀, mo ti gba déètì, mo sì ti bá ìyàwó ẹ̀ sọ ọ́, ìyàwó ẹ̀ ní Thursday tó ń bọ̀ òun ló máa gbé e wá.